Austin-Healey Sprite Àkọ́kọ́: Ara Irin Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó lè tú palẹ̀ sínú gáréèjì ilé, tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún tò, tí yóò sì máa wà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, Austin-Healey Sprite àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe láti 1958 títí di 1961, ni ká kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Frogeye (ojú ọ̀pọ̀lọ́), tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Bugeye (ojú kòkòrò), nítorí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tó yọ sókè lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ gidi ni. Ó fúyẹ́, kò ṣòro láti mọ̀ tinú-tẹ̀yìn, ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà ní Britain. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lófò ni pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń tẹ́tí sí nígbà tí wọ́n bá lọ rà á. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro Frogeye. Ara irin rẹ̀ ni, pàápàá jù lọ ibi tí sípírìngì ẹ̀yìn ti wọ abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀.

BMC (British Motor Corporation), ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fi í han àwọn oníròyìn ní Monte Carlo ní 20 oṣù Karùn-ún, 1958. Ilé iṣẹ́ Donald Healey ló ṣètò rẹ̀, Barry Bilbie ló ṣètò egungun irin rẹ̀, Gerry Coker ló ya ìrísí rẹ̀, Abingdon, ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ MG, ni wọ́n sì ti ń tò ó pọ̀. 48,987 ni wọ́n ṣe. Iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà kò tó £700, owó orí ti wà nínú rẹ̀. Kí iye yẹn lè ṣeé ṣe, wọ́n kó ẹ̀yà jọ láti ara àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: ẹ́ńjìnnì 948 cc tí wọ́n ń pè ní A-series àti ẹsẹ̀ iwájú láti ara Austin A35, sìtíárìnì láti ara Morris Minor. Wọ́n ti fẹ́ kí iná iwájú máa dùbúlẹ̀ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, owó ni kò jẹ́. Kò ní ọwọ́ ìlẹ̀kùn níta, kò ní ìdérí búùtù, kódà bọ́ńpà iwájú, ẹni tó bá fẹ́ ló ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìṣúnná owó ọjọ́ yẹn ló ń ṣe wá lóore lónìí, nítorí pé ẹ̀yà tí Frogeye ń lò, ọkọ̀ mìíràn tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló ń lò ó pẹ̀lú, àwọn tó ń ta ẹ̀yà kò sì yé ṣe é.

Ara irin la ó ti bẹ̀rẹ̀. Sprite ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu tí kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀, irin abẹ́ ìlẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, ihò gígùn àárín tí propshaft (ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn) ń gbà kọjá, àti ẹsẹ̀ irin méjì tó na síwájú láti gbé ẹ́ńjìnnì, àwọn yìí ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Imú ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wò níwájú kò gbé nǹkan kan. Ẹ gbé e kúrò pátápátá, ọkọ̀ á ṣì dúró. Nítorí náà, bí irin abẹ́ ìlẹ̀kùn bá jẹ, egungun ọkọ̀ ló jẹ yẹn.

Sípírìngì ẹ̀yìn rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, sípírìngì pẹlẹbẹ onípele máa ń na láti iwájú axle (irin ìdábùú tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì) dé ẹ̀yìn rẹ̀, á sì di ara ọkọ̀ mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ti Frogeye kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì péré ni tirẹ̀: orí tó nípọn ni wọ́n fi bóòlùtì dè sínú àpótí irin kan lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ní ẹ̀yìn ìjókòó, orí tó fẹ́lẹ́ ló lọ di axle mú. Gbogbo ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀, àti gbogbo ìgbà tí táyà bá já sí kòtò, inú àpótí yẹn ló ń lọ. Àpótí náà gan-an ni ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń rọ́ sí. Omi á wà níbẹ̀, kò ní tètè gbẹ, ìpáàrà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i níta, inú rẹ̀ ti tán.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wo bí apá kan bá rẹlẹ̀ ju ìkejì. Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ sún ìjókòó síwájú tàbí kí ẹ yọ ọ́, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn àti ògiri irin kékeré tó dìde níbẹ̀. Irin tó wú sókè, tó ya, tàbí tí wọ́n fi pẹlẹbẹ mìíràn lẹ̀ mọ́ra lórí ara wọn, ẹ̀rí ni pé sípírìngì ti ń ti ilẹ̀ ọkọ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sukudiráfà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ ti irin tó yí bóòlùtì ká. Irin tó le á dún gbangba. Èyí tó ti tán á dún kúbú, tàbí kí sukudiráfà wọlé. Ní ìparí, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kan, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ níbi ìgbéga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tún gbìyànjú láti ti ìlẹ̀kùn náà. Bí àlàfo ìlẹ̀kùn bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ìlẹ̀kùn kò tì mọ́, ọkọ̀ náà ti ń ká ní àárín.

Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajórin tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kí wọ́n tó gé irin kankan, kí wọ́n fi páìpù onígun mẹ́rin jó agbede ẹnu ìlẹ̀kùn ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan láti ibi ìdè ìlẹ̀kùn lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, ìkejì ní ìdábùú. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n parí kí wọ́n tó kan ìkejì. Kí ìlẹ̀kùn wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi kílámùpù mú irin abẹ́ ìlẹ̀kùn tuntun, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo àlàfo, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó jó o. Irin tó nípọn tó mílímítà 1.2 ló yẹ fún irin abẹ́ ìlẹ̀kùn àti ilẹ̀ ọkọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní pẹ́. Níbi tí irin méjì bá ti lẹ̀ mọ́ra, ọ̀dà olózìnkì tí iná ìjórin kì í tètè jó dànù ni kí wọ́n kùn sáàrin wọn ṣáájú. Ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ irin náà, kí wọ́n má dí i. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe tó dára lójú ló ti bàjẹ́ láàrin ọdún díẹ̀ nítorí pé pọ́tì àti ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ dí ihò wọ̀nyẹn pa. Nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ tán, ẹ fín òróró oníwáàsì sínú gbogbo ibi tó ṣófo, títí kan àpótí sípírìngì, kí ẹ sì tún un fín lọ́dọọdún kí òtútù tó dé.

Ibi méjì mìíràn wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Èkíní ni ibi tí bátìrì jókòó sí lórí ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti àwọn tó jókòó níyà: omi bátìrì ń jẹ ẹ́, òróró bíréèkì tó ń jò láti inú sílíńdà tó wà nítòsí á bó ọ̀dà ibẹ̀, ìpáàrà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ìkejì ni inú búùtù. Nítorí pé kò ní ìdérí, ẹ̀yìn ìjókòó lẹ ó ti kó orí wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò táyà, ẹ wo ibi tí wọ́n so táńkì epo mọ́, kí ẹ sì gbóòórùn. Bí òórùn bẹntiróòlù bá lágbára níbẹ̀, táńkì tàbí ọrùn ibi tí wọ́n ń bu epo sí ló ń jò.

Imú ọkọ̀ ńkọ́? Odidi kan ni: bọ́nẹ́ẹ̀tì, màgádì méjèèjì àti iná, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìdè rẹ̀ wà lẹ́bàá wíńdísíkírìnì. Ó wúwo. Ẹni méjì ló yẹ kó gbé e kúrò, ọ̀pá tó ń gbé e dúró sì gbọ́dọ̀ le dáadáa, torí afẹ́fẹ́ líle lè dà á dé orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òòfà kékeré tọ́ ọ wò. Bí òòfà kò bá mú, fíbà ni. Ọ̀pọ̀ Frogeye ni wọ́n ti yí imú irin rẹ̀ padà sí fíbà nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ tàbí tó kọlu nǹkan. Fíbà kò burú fún ẹni tó fẹ́ máa sáré. Ó fúyẹ́, kì í dípáàrà. Ṣùgbọ́n imú irin tó ṣì mọ́ jẹ́ ohun iyebíye, nítorí náà ẹ má san owó ọkọ̀ onírin fún ọkọ̀ oní-fíbà.

Ẹ́ńjìnnì kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. 948 cc, sílíńdà 4, agbára ẹṣin 43 ní ìyípo 5,200, kàbúrẹ́tọ̀ SU H1 méjì. Àlàfo fáàfù jẹ́ ínǹṣì 0.012 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, àlàfo púlọ́ọ̀gì ínǹṣì 0.025, àlàfo contact (ojú irin méjì tó ń so iná tó sì ń já a) ínǹṣì 0.014 sí 0.016, nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fún dé 40 lb ft, iná ń tàn nínú àwọn sílíńdà ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé 1-3-4-2. Ọ́ìlì 20W-50 ló bá a mu. Nígbà tó bá gbóná tó sì ń sáré, kí àgogo ìtẹ̀ ọ́ìlì wà láàrin 30 sí 60 psi. Bí ó bá dúró sójú kan, 10 sí 25 tó. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, bẹ́árìn ló ti jẹ. Ṣéènì iwájú ẹ́ńjìnnì tó ń dún ṣàkàṣàkà kì í ṣe ohun tó ń lé èèyàn sá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíjò ọ́ìlì máa ń dáyà já ẹni tí kò bá mọ A-series. Kò sí rọ́bà tó di ẹ̀yìn crankshaft rẹ̀, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, pa. Ìlà oníyìípo tí wọ́n gbẹ́ sí ara irin náà ló ń fa ọ́ìlì padà sínú bí ó ti ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ẹ̀kán kan tàbí méjì á kán sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kán. Bí ó bá di adágún lábẹ́ kúlọ́ọ̀ṣì, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó yẹ̀ wò ni páìpù tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, bóyá ó ti dí, torí èéfín tó há sínú ló ń ti ọ́ìlì jáde. Bí páìpù bá mọ́ tí kò sì dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ńlá ti jẹ, ìlà yẹn kò sì lè dá ọ́ìlì padà mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù líle sí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Orí ẹ́ńjìnnì yìí, òjé tó wà nínú epo ayé ijọ́un ló ń dáàbò bo fáàfù rẹ̀, epo olójé sì ti kúrò lọ́jà Britain láti ìparí 1999. Láìsí ìjókòó líle, fáàfù á máa jẹ wọnú irin díẹ̀díẹ̀, àlàfo rẹ̀ á máa pa dé, títí tí kò fi ní lè tì mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé àlàfo tí ẹ tò dáadáa á ti fún kí ẹ tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Kàbúrẹ́tọ̀ SU ni ẹ̀yà tí mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ yìí, òun náà sì ni èyí tí wọ́n ń bà jẹ́ jù nígbà àtúnṣe. Nínú H1, kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ jet, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà jáde. Kọ́ọ̀kì tó gbẹ á sún kì, epo á sì máa jò sílẹ̀ lábẹ́ kàbúrẹ́tọ̀. Bí ẹ bá ra kọ́ọ̀kì tuntun, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì mọ́jú kí ẹ tó fi í sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jet á ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ni pé jet gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, kí abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ písítìnì má fara kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó mú jet díẹ̀, ẹ ti jet sókè dé òpin, ẹ yọ damper (ọ̀pá kékeré tó ń dín eré písítìnì kù) orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ písítìnì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì náà. Ẹ fi ìka gbé písítìnì sókè, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ já sílẹ̀, kó dún «kọ́». Ẹ wá sọ jet sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn ìkejì bá mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, abẹ́rẹ́ ṣì ń fara ha ẹ̀gbẹ́. Ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ bu ọ́ìlì SAE 20 sínú damper.

Láti tún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ fi páìpù rọ́bà kékeré sétí láti gbọ́ bí kàbúrẹ́tọ̀ méjèèjì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ sì mú wọn dọ́gba. Ẹ wá gbé písítìnì ọ̀kan sókè díẹ̀, bí ínǹṣì 1/32. Bí ẹ́ńjìnnì bá yára tí kò dáwọ́ dúró, epo pọ̀ jù. Bí ó bá fẹ́ kú, epo kéré jù. Bí ó bá yára fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì padà sípò, ó ti tó. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé SU kì í gbọ́ràn, tó sì fẹ́ ta kàbúrẹ́tọ̀ mìíràn fún yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò ọ̀pá throttle (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ epo) ti fẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé, kò sì sí ìtò tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ fi búṣì tuntun sí i.

Gíà rẹ̀ ni apá tí n kò lè yìn púpọ̀. Gíà 4 ni, èkíní kò ní synchro (ohun tó ń mú eré gíà dọ́gba kó tó wọlé), nítorí náà ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó fi í sí i. Ara gíà yìí fẹ́lẹ́. Ó gba ẹ́ńjìnnì 948, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì 1275 cc ti MG Midget, ìbejì Sprite, sí i, tó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó fi gíà tó lágbára ti àwọn Sprite ìkẹyìn sí i pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì 1275 wọlé láìsí gígé irin, ó sì mú ọkọ̀ náà yára gidi. Lójú tèmi, ẹni tí ẹ́ńjìnnì 948 rẹ̀ bá ṣì pé, kí ó fi í sílẹ̀. Ìdúnnú Frogeye kì í ṣe ti ká yọ lára àwọn ẹlòmíràn lójú títì.

Ẹsẹ̀ iwájú nílò gíríìsì, ó sì nílò rẹ̀ lóòrèkóòrè, ní gbogbo máìlì 1,000. Ìdí ni pé fulcrum pin, irin tó ní ìlà yíyí bíi ti bóòlùtì, tó so ìsàlẹ̀ kingpin (ọ̀pá tí táyà iwájú ń yí lé lórí) mọ́ apá ìsàlẹ̀, ń yí nínú ihò tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Láìsí gíríìsì, á gbẹ mọ́ inú apá náà, ìlà rẹ̀ á jẹ, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ kò ní jáde bí kò ṣe pẹ̀lú iná àti òòlù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni apá ìsàlẹ̀ odidi á bá a lọ. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fín gíríìsì, kí ó lè dé apá tí ẹrù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ìrajà, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà tó wà lókè náà mú, ẹ mì ín, kí ẹnì kejì wo ibi tó ń ṣeré níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì Armstrong tó wà lókè náà ni apá òkè ẹsẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì tí bẹ́árìn rẹ̀ jẹ ń ba ìdúró táyà jẹ́. Bí ó bá ń jò, kí ẹ bu òróró ṣọ́ọ̀kì sí i kò tó. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe.

Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ínǹṣì 7 ni ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó báyìí, ó tó, bí ẹ bá tò ó dọ́gba. Ohun tó yàtọ̀ ni sílíńdà ńlá rẹ̀: irin kan ṣoṣo ni, ihò méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún bíréèkì, ọ̀kan fún kúlọ́ọ̀ṣì. Bí ihò kan bá bàjẹ́, méjèèjì ló kàn. Ẹ má fi rọ́bà tuntun sínú ihò tó ti ní ojú kòtò; kò ní pé oṣù mélòó kan tí yóò tún jò. Kí wọ́n fi sleeve (páìpù irin tín-ín-rín) sínú ihò náà, tàbí kí ẹ ra tuntun.

Ní ti wáyà, kò sí ọkọ̀ tó rọrùn tó o, fíúùsì méjì ló ní. Ẹ rántí pé apá rere bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ iná oní-elẹ́kítírónìkì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òde òní á jóná lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá so ó mọ́ ọn; ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún irú ètò yìí, tàbí kí ẹ yí ètò náà padà. Ẹni tó bá yí i padà gbọ́dọ̀ yí wáyà kọ́ìlì méjèèjì, kí ó sì yọ wáyà ara dynamo (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì), kó fi wáyà láti orí bátìrì tí kò kan ara ọkọ̀ tọ́ ibi tí wọ́n kọ F sí lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí dynamo lè mọ ìhà tuntun. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń yọ dynamo láti fi alternator (ẹ̀rọ òde òní tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà) sí i kì í rántí títí tó fi pẹ́: àgogo ìyípo ẹ́ńjìnnì, nínú ọkọ̀ tó bá ní in, ẹ̀yìn dynamo ni okùn rẹ̀ ti ń yí. Dynamo lọ, àgogo náà lọ. Ẹ pa dynamo mọ́. Rotor arm (apá kékeré tó ń yí láti pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) tí wọ́n ń tà báyìí náà ń fẹ́ àmójútó. Èyí tí kò ní rivet ni kí ẹ rà, torí iná máa ń gba ara rivet sá lọ sínú ọ̀pá.

Kí la wá ń rí gbà fún gbogbo iṣẹ́ yìí? Ìwé ìròyìn The Motor wọn ọkọ̀ yìí ní 1958: eré rẹ̀ tó ga jù jẹ́ máìlì 82.9 ní wákàtí kan, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 20.5 láti dé 60, ó sì rìn máìlì 43 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn nìkan kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀. Sìtíárìnì rẹ̀ kò ju ìyípo 2⅓ lọ láti òpin kan dé òpin kejì. Ẹ rò ó, ó ti yí. Ẹ jókòó sílẹ̀ débi pé ọwọ́ yín lè kan ojú títì láti orí ìlẹ̀kùn. Ní 40 máìlì, lójú ọ̀nà tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ ní Wales tàbí Cotswolds, ọkọ̀ yìí ń fún awakọ̀ ní iṣẹ́ àti ayọ̀ tí ọkọ̀ òde òní kò lè fún un ní ìlọ́po méjì eré yẹn. Sípírìngì ìdajì ẹ̀yìn náà ní ìwà tirẹ̀: bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà, axle ẹ̀yìn á yí díẹ̀, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ ṣáájú. Ẹ má jáwọ́ lórí epo lójijì ní àárín kọ́nà, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀. Àwọn Sprite gba ipò 1, 2 àti 3 ní ìpele wọn nínú ìdíje wákàtí 12 ti Sebring, ní Amẹ́ríkà, ní 1959, ìwà yìí kan náà sì ni àwọn awakọ̀ yẹn ń lò.

Lójú ọ̀nà motorway, kò dára. Ní 70, ẹ́ńjìnnì ti ń ké, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ga ju orí yín lọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, aṣọ orí ọkọ̀ ń lu pàtì. Bí òjò bá bá yín, ṣíṣo aṣọ yẹn pọ̀ pẹ̀lú wíńdò ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń fi bọ ìlẹ̀kùn gba sùúrù, omi á sì ṣì wọlé níbi orígun wíńdísíkírìnì. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí ó wo ibòmíràn.

Ní Britain, òfin rọ ọkọ̀ bí èyí lọ́rùn. Ọkọ̀ tó ti ju ogójì ọdún lọ kì í san owó orí ọkọ̀, bí wọn kò bá sì tíì yí i padà lọ́nà tó lágbára, kò pọn dandan kí ó lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Síbẹ̀, ẹ gbé e lọ. Owó MOT kéré, ojú ẹlòmíràn lábẹ́ ọkọ̀ á sì rí àpótí sípírìngì tí ẹ̀yin kò wò lọ́dún yẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni epo E10, tí ethanol (irú ọtí kan) lè tó ìdá 10 nínú 100 rẹ̀, ti di epo tó wọ́pọ̀ ní ilé epo níbẹ̀. Ethanol inú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó sì ń gbẹ kọ́ọ̀kì. Epo super tí wọ́n kọ E5 sí ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà epo sí èyí tí ethanol kò lè jẹ, láti táńkì dé kàbúrẹ́tọ̀.

Bí owó Frogeye tó dára bá ga jù fún yín, Midget tàbí Sprite tí wọ́n ṣe láti 1961 wá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó ní ìdérí búùtù. Láti 1962 ó ní bíréèkì pẹlẹbẹ níwájú. Láti 1964 sípírìngì ẹ̀yìn rẹ̀ ti di odidi, àpótí yẹn kò sì ru gbogbo ẹrù mọ́. Òun ni ọkọ̀ tó gbọ́n jù láti rà. Ojú Frogeye nìkan ni kò ní, ojú yẹn sì lágbára.

Ẹni tó bá ń lọ wo Frogeye kan, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, òòfà, sukudiráfà àti aṣọ tó lè fi dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ dání. Kí nọ́ńbà ara ọkọ̀ ní AN5 nínú. Ibi ìpamọ́ ìwé ti British Motor Museum ní Gaydon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí tó sọ àwọ̀ àti ohun tó wà lára rẹ̀ nígbà tó kúrò ní Abingdon. Bí ẹni tó ń tà á bá tan ẹ́ńjìnnì fún yín kí ẹ tó dé, ẹ ní kó pa á kó tutù, torí èyí tó tutù ló ń sọ òtítọ́ nípa ìtanná. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó sókè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.